Aṣọ́nà Iná Lára Alùpùpù: Ìdí Tí Orúkọ Síwíìṣì Ààbò Fi Gbọ́dọ̀ Ti Inú Iṣẹ́ Rẹ̀ Wá

1. Ìfáárà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ èdè Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ nípa èdè-ìperí, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ọkàn wọn sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Èyí kò yani lẹ́nu. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ni ó fi hàn pé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà. Ìdìpọ̀ méjì Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìkíní ní ọdún 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìkejì ní ọdún 1990, ni ó fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàlàyé gírámà àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lójoojúmọ́, láìdúró de ìgbìmọ̀ kankan. Ibẹ̀ ni abẹ́ igi àti abẹ́ páànù tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn ríwáyà ti ń tún alùpùpù ṣe.

Ní Ọ̀wọ̀, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Ọ̀ghọ̀, àti ní àgbègbè Ọ̀sẹ̀ tí Ìfọ́n jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, alùpùpù kì í ṣe ohun afẹ́. Òun ni ó ń gbé àgbẹ̀ dé oko kòkó àti oko iṣu tí mọ́tò kò lè wọ̀. Òun ni ó ń gbé olùkọ́ dé ilé-ìwé, aláìsàn dé ilé-ìwòsàn, àti ẹrù ọjà dé ẹ̀bá títì tí ó ti Ọ̀wọ̀ gba Ìfọ́n lọ sí Benin. Bí alùpùpù bá kọ̀ tí kò dáhùn ní òwúrọ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ẹni tí ó ni ín dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ni wọ́n yóò kọ́kọ́ ní kí ó wo ohun tí ó ṣe é, èdè tí ọ̀gá rẹ̀ sì fi kọ́ ọ ni yóò fi ronú.

Ìlànà ìjọba lórí èdè ní ilé-ìwé kì í dúró sójú kan. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 fi àyè gba èdè abínibí ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Ìlànà èdè ti ọdún 2022 fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà ti ọdún 2022 náà. Ìyípadà wọ̀nyí kò dé abẹ́ páànù. Ibẹ̀ ni èdè Yorùbá ti jẹ́ èdè ẹ̀kọ́ láìsí òfin, ibẹ̀ náà sì ni èdè-ìperí tí kò péye ti lè ṣe ènìyàn léṣe.

Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ kò gùn. Orúkọ tí ó bá yẹ síwíìṣì ààbò lára alùpùpù gbọ́dọ̀ ti inú iṣẹ́ tí ó ń ṣe wá, kì í ṣe láti inú orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ kan dára, kí ó gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù tí kò dáhùn, kí ó wò ó bóyá yóò darí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ sí wáyà tí ó tọ́. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

2. Ohun tí síwíìṣì ààbò jẹ́

Lára alùpùpù tí ó ń lo sítátà, iná ń ti inú bátìrì jáde, ó ń gba inú fíúùsì dé ibi kọ́kọ́rọ́, láti ibẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún pa ẹ́ńjìnnì, láti ibẹ̀ dé bọ́tìnnì sítátà, kí ó tó kan rílè tí ó ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá tí ń yí sítátà. Ní ojú ọ̀nà yìí ni àwọn tí ó ṣe alùpùpù máa ń fi síwíìṣì kéékèèké sí, tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kò mọ̀ pé wọ́n wà. Ọ̀kan wà lára àpótí jíà, ó ń mọ̀ bóyá jíà wà ní fíríì. Èkejì wà ní ìdí ọ̀pá kílọ́ọ̀ṣì ní ọwọ́ òsì, ó ń mọ̀ bóyá wọ́n ti fa ọ̀pá náà. Ẹ̀kẹta wà ní oríkèé ẹsẹ̀ ìdúró, ó ń mọ̀ bóyá wọ́n ti ká ẹsẹ̀ náà sókè. Kì í ṣe gbogbo alùpùpù ni ó ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta lè má ní ju ti jíà lọ, èyí tí ó kàn ń tan gílóòbù kékeré aláwọ̀ ewé.

Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé sí, irú àdéhùn tí ó sábà máa ń wà láàárín wọn nìyí. Bí jíà bá wà ní fíríì, ẹ́ńjìnnì lè dáhùn, ẹsẹ̀ ìdúró ì báà wà nílẹ̀. Bí jíà bá ti wọlé, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn àfi bí wọ́n bá fa kílọ́ọ̀ṣì, tí ẹsẹ̀ ìdúró sì ti ká sókè. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹni tí ó gùn ún sì fi jíà wọlé nígbà tí ẹsẹ̀ ìdúró ṣì wà nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò kú lójú kan náà.

Ìdí àdéhùn yìí hàn gbangba. Alùpùpù tí wọ́n bá tẹ sítátà rẹ̀ nígbà tí jíà wà nínú rẹ̀ yóò fò síwájú. Èyí tí wọ́n bá gùn jáde láìká ẹsẹ̀ ìdúró sókè yóò máa sáré dáadáa títí yóò fi dé ibi tí ó ní láti yà sí òsì. Níbẹ̀ ni irin ẹsẹ̀ náà yóò ti gún títì, tí yóò sì gbé ẹni tí ó gùn ún àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ṣubú. Nítorí náà, nígbà tí irú síwíìṣì bẹ́ẹ̀ bá dá ẹ́ńjìnnì dúró, kò tíì bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe.

3. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-fún-ọ̀rọ̀ àti àbùkù rẹ̀

Orúkọ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn atúmọ̀ èdè ni ìpaná ààbò tàbí ìtaná ààbò. Ó rí síwíìṣì, ó rántí èyí tí ó wà lára ògiri, ó sì rántí pé títàn àti pípa ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá fi ààbò tẹ̀lé e. Ìtumọ̀ náà péye bí wọ́n bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, ó wọ́.

Àbùkù kìíní ni pé ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ tàn tí ó sì ń fi ọwọ́ pa ni ìpaná. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí yóò máa wá ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tí ń tẹ síwíìṣì ẹsẹ̀ ìdúró. Ìdúró alùpùpù fúnra rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa àti ohun tí ó dá iná dúró nítorí pé nǹkan kan kò tíì sí ní ipò rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìwádìí tí ọmọ iṣẹ́ yóò ṣe. Orúkọ tí ó bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀ kò ran ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó dúró lójú ọ̀nà, tí kì í jẹ́ kí aláìyẹ kọjá, tí kì í sì í dí ẹni tí ó yẹ lọ́wọ́. Aṣọ́nà ni. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, àti ní Ọ̀wọ̀ àti ní Ìfọ́n. Bí wọ́n bá pe irú síwíìṣì yìí ní aṣọ́nà iná, ọmọ iṣẹ́ yóò mọ ìbéèrè tí ó kàn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ: kí ni aṣọ́nà yìí rí tí ó fi ní kí iná má kọjá? Ìbéèrè yìí gan-an ni ó yẹ kí ó béèrè kí ó tó fọwọ́ kan wáyà.

Ohun ìpa-ẹ́ńjìnnì tí ó wà ní ọwọ́ ọ̀tún kò sí lára àwọn aṣọ́nà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń lò ó, tìmọ̀tìmọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974 ni ó sọ ibi tí ohun ìdarí kọ̀ọ̀kan yóò wà lára alùpùpù, tí ó sì fi ohun ìpa-ẹ́ńjìnnì sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹni tí ó bá yí láti orí alùpùpù kan sí òmíràn má baà ṣi ọwọ́ nà nígbà ewu. Orúkọ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí orúkọ àwọn aṣọ́nà, gẹ́gẹ́ bí orúkọ onílé ti yàtọ̀ sí ti ọlọ́dẹ rẹ̀.

4. Pípa tí ó jẹ́ síso pọ̀

Àbùkù kejì jinlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó mọ síwíìṣì ara ògiri nìkan gbà pé nígbà tí wáyà méjì bá so pọ̀, iná tàn, nígbà tí wọ́n bá já, iná kú. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta, èyí tí iná púlọ́ọ̀gì wọn ń ti ara mágínẹ́ẹ̀tò wá dípò bátìrì, òdìkejì ni ọ̀rọ̀ rí. Wáyà kan wà tí ó ti inú àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní CDI jáde lọ sí ibi kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ipò pípa, ńṣe ni ó so wáyà yìí mọ́ ara irin alùpùpù, iná sì gba ibẹ̀ sálọ láìdé púlọ́ọ̀gì. Nígbà tí wọ́n bá yí i sí ipò títàn, ńṣe ni ó já wáyà náà sílẹ̀.

Nítorí náà, nínú irú alùpùpù yìí, síso pọ̀ ni pípa, jíjá ni títàn. Bí wáyà yìí bá bó lára lábẹ́ táńkì, tí ó sì ń kan irin, alùpùpù yóò ṣe bí ẹni pé wọn kò tíì ṣí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ́ pé àìsí iná túmọ̀ sí pé ọ̀nà kan ti já yóò máa wá ibi tí wáyà ti já láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò sì ní rí i, nítorí pé kò sí ohun tí ó já. Bí ó bá sì gbìyànjú láti so wáyà méjèèjì ìdí kọ́kọ́rọ́ pọ̀ bí àṣà, yóò tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á pátápátá. Ìdánwò tí ó yẹ rọrùn. Kí ó yọ wáyà náà kúrò lára CDI, kí ó sì ta ẹ́ńjìnnì. Bí iná púlọ́ọ̀gì bá padà, àléébù wà ní ìhà kọ́kọ́rọ́ tàbí lára wáyà tí ó lọ síbẹ̀. Bí kò bá padà, kí ó wá a síwájú, lára kọ́ìlì, CDI tàbí mágínẹ́ẹ̀tò.

Ó yẹ kí èdè-ìperí ní orúkọ méjì fún àléébù méjèèjì. Ọ̀nà-jíjá yẹ fún èyí tí wáyà ti já tàbí tí orí rẹ̀ ti tú. Ìfarakanrin, èyí tí í ṣe fífi ara kan irin, yẹ fún èyí tí wáyà fara kan ibi tí kò yẹ. Ní abẹ́ páànù, ṣọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe ìfarakanrin, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀tì ti di orúkọ fún ohun gbogbo tí iná bá ṣe, kò sì tún sọ ohun kan pàtó mọ́.

Ibí yìí náà ni ó yẹ kí wọ́n ti ṣọ́ra fún ilẹ̀. Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan ń pe ara irin tí iná ń gbà padà ní ilẹ̀, atúmọ̀ èdè sì lè tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n orí rọ́bà méjì ni alùpùpù dúró lé, rọ́bà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Kò sí wáyà kankan tí ó dé ilẹ̀. Bọ́dì tí àwọn ríwáyà ń lò péye jù ú lọ, ìwé sì lè gbà á bí ó ti wà, tàbí kí ó pè é ní ara irin.

Ohun mìíràn tún wà tí ìwé ìtọ́nisọ́nà kò gbọdọ̀ gbára lé, ìyẹn àwọ̀ wáyà. Lára àwọn Honda àti ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n fara wé wọn ní Ṣáínà, wáyà dúdú tí ó ní ìlà funfun ni ó ń pa iná púlọ́ọ̀gì, wáyà àwọ̀ ewé sì ni ti bọ́dì. Lára àwọn Suzuki, wáyà dúdú onílà funfun yìí kan náà ni ti bọ́dì. Ìwé tí ó bá kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní àwọ̀ láìkọ́ ọ ní iṣẹ́ wáyà ti ṣì í lọ́nà ní ọjọ́ tí irú alùpùpù mìíràn bá dé iwájú rẹ̀.

5. Iná kan, ìtumọ̀ mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ ni: "Ọ̀gá, kò mú iná wá." Ìdáhùn tí ó yẹ kí ọ̀gá fún un ni: "Irú iná wo?" Nínú èdè Yorùbá, iná ni èyí tí ń jó igi, iná ni ìmọ́lẹ̀ fìtílà, iná sì ni ti ìjọba tí ń gba inú wáyà wọlé, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní iná NẸ́PÀ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1972, ti yí orúkọ padà ní ọdún 2005. Lára alùpùpù, ó kéré tán, ohun mẹ́ta ni iná lè jẹ́: agbára tí ó wà nínú bátìrì, èyí tí ń ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, àti ìmọ́lẹ̀ gílóòbù iwájú.

Kì í ṣe àìpé èdè ni èyí. Gbogbo èdè ni ó ní ọ̀rọ̀ tí ó ń ru ẹrù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ibi ìwádìí àléébù, ó gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Alùpùpù lè ní iná gílóòbù tí ó mọ́ kedere, kí ó má sì ní ti púlọ́ọ̀gì rárá, nítorí pé aṣọ́nà kan ni ó dá a dúró. Ẹni tí ó bá rí gílóòbù tí ó tàn, tí ó sì wí pé iná wà, kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun kan. Iná bátìrì yẹ fún ti àkọ́kọ́. Ìpẹ́pẹ́ iná, èyí tí alágbẹ̀dẹ mọ̀ láti ojú owú, yẹ fún ti púlọ́ọ̀gì. Ìmọ́lẹ̀ yẹ fún ti gílóòbù. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀. Ìlò wọn ní ipò wọn nìkan ni ó kù.

6. Ìwádìí àléébù ní èdè Yorùbá

Àwọn kan ń wí pé èdè Yorùbá kò lè gbé irú ìrònú tí ìwádìí ẹ̀rọ ń fẹ́, níbi tí ohun kan ti rọ̀ mọ́ òmíràn. Àlàyé ìsàlẹ̀ yìí fi hàn pé bí, àfi àti ṣùgbọ́n ti tó fún un, nígbà tí orúkọ bá ti tọ́. Ó bá alùpùpù onísítátà tí ó ní aṣọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu.

(a) Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì sítátà tí kò sí ohun kan tí ó dún, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun ìpa-ẹ́ńjìnnì ọwọ́ ọ̀tún bóyá wọ́n ti tì í láìmọ̀, lẹ́yìn náà fíúùsì, lẹ́yìn náà bátìrì. Bátìrì oníwọn 12 tí ó kún, tí kò sì ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, máa ń sún mọ́ 12.6 lórí mítà.

(b) Bí rílè bá ń dún kẹ́kẹ́ṣùgbọ́n tí sítátà kò yí, aṣọ́nà ti jẹ́ kí iná kọjá. Bátìrì tí ó ti rẹ̀, orí bátìrì tí ó ti dípẹtà, tàbí rílè fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n wò.

(d) Bí ó bá dáhùn nígbà tí wọ́n fa kílọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tí kò dáhùn ní fíríì láìfa kílọ́ọ̀ṣì, aṣọ́nà jíà ni kí wọ́n fura sí, pàápàá bí gílóòbù aláwọ̀ ewé kò bá tàn.

(e) Bí ó bá dáhùn ní fíríì, tí kò sì dáhùn nígbà tí jíà wọlé tí wọ́n sì fa kílọ́ọ̀ṣì, aṣọ́nà kílọ́ọ̀ṣì tàbí aṣọ́nà ẹsẹ̀ ìdúró ni.

(ẹ) Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní fíríì, tí ó ń kú ní gbàrà tí jíà bá wọlé, bí ẹsẹ̀ ìdúró tilẹ̀ ti ká sókè, aṣọ́nà ẹsẹ̀ ìdúró ni.

(f) Bí sítátà bá ń yí, tí kò sì sí ìpẹ́pẹ́ iná lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n wá a ní ọ̀nà iná púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe ní ọ̀nà sítátà.

Aṣọ́nà ẹsẹ̀ ìdúró ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ó wà, níbi tí ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà oko àti omi ìfọkọ̀ ti ń bá a. Ẹrẹ̀ lè mú kí ahọ́n inú rẹ̀ há, kí ó má padà sí ipò rẹ̀. Fífọ ibẹ̀ mọ́, gbígbẹ omi inú rẹ̀, àti fífi òróró díẹ̀ sí oríkèé lè tó. Kò ná olówó rẹ̀ ní nǹkan kan.

7. Fífo aṣọ́nà dá

Ibí ni ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà wà. Oògùn tí ó yá jù ní abẹ́ páànù ni dáírẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á gé wáyà méjèèjì tí ó wọ inú síwíìṣì, wọ́n á so wọ́n pọ̀, alùpùpù á dáhùn, ọlọ́kadà á sanwó, á sì máa lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni ìwòsàn náà hàn. Ohun tí kò hàn ni pé láti ọjọ́ náà lọ, alùpùpù náà lè fi ẹsẹ̀ ìdúró sáré lórí títì láìsí ohun tí yóò dá a lẹ́kun.

Kò tọ́ kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ iṣẹ́. Wọ́n kọ́ ọ pé síwíìṣì ni, síwíìṣì ti bàjẹ́, ohun tí ó bàjẹ́ ni wọ́n sì ń yọ kúrò. Nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ, kò sí ibi tí ewu ti yọjú. Dáírẹ́ẹ̀tì pàápàá ń dún bí ohun rere, bí ẹni tí ó gba ọ̀nà tààrà dípò kọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n bí orúkọ síwíìṣì náà bá jẹ́ aṣọ́nà, tí orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sì jẹ́ fífo aṣọ́nà dá, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní béèrè ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ̀nà lẹ́yìn náà. Ọlọ́kadà tí ó jókòó lórí àga tí ó ń retí pàápàá yóò lóye ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí alùpùpù rẹ̀, yóò sì lè wí pé òun kò fẹ́.

Kì í ṣe pé orúkọ nìkan yóò dá àṣà yìí dúró. Owó, àìrí ojúlówó ẹ̀yà ẹ̀rọ rà, àti ìkánjú oníbàárà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ó ń sọ ohun tí ó jẹ́ àléébù fún ènìyàn àti ohun tí ó jẹ́ ìkìlọ̀. Ọ̀gá tí ó bá fẹ́ fi fífo aṣọ́nà dá ṣe ìdánwò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí àléébù wà, kò ṣẹ̀. Ó ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ dá aṣọ́nà padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀.

8. Àbá orúkọ

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí ni a lè gbé yẹ̀ wò.

Ọ̀nà iná: gbogbo ibi tí iná ń gbà láti inú bátìrì tàbí mágínẹ́ẹ̀tò lọ, tí ó sì ń gbà padà.
Síwíìṣì: ohun èlò èyíkéyìí tí ń so ọ̀nà iná pọ̀ tàbí tí ń já a.
Aṣọ́nà iná: síwíìṣì tí ipò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń darí, tí kì í jẹ́ kí iná kọjá àfi bí ipò náà bá jẹ́ ti àìléwu. Abẹ́ rẹ̀ ni aṣọ́nà jíà, aṣọ́nà kílọ́ọ̀ṣì àti aṣọ́nà ẹsẹ̀ ìdúró wà.
Ohun ìpa-ẹ́ńjìnnì: síwíìṣì tí ènìyàn ń fi ọwọ́ lò láti pa ẹ́ńjìnnì.
Bọ́dì tàbí ara irin: irin alùpùpù tí iná ń gbà padà.
Ọ̀nà-jíjá: àléébù tí ọ̀nà iná fi gé.
Ìfarakanrin: àléébù tí wáyà fi kan irin tí kò yẹ kí ó kàn.
Ìpẹ́pẹ́ iná: iná tí ń ta lẹ́nu púlọ́ọ̀gì.
Fífo aṣọ́nà dá: síso wáyà pọ̀ kí iná lè kọjá láìbèèrè lọ́wọ́ aṣọ́nà.

Wọn kò lé síwíìṣì, bọ́dì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì jáde nínú àbá yìí. Ìdí rẹ̀ wà ní àgbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ gan-an. Ẹ̀ka-èdè Ọ̀wọ̀ ní ìró tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìlú náà lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀ ti fi hàn, fáwẹ̀lì u sì lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀, tí ilé fi ń jẹ́ ulé. Ní Ìdóàní, àwọn kan wà tí èdè ilé wọn jẹ́ ìbátan Ẹdó. Síbẹ̀ gbogbo wọn ni ó gbọ́ síwíìṣì, gbogbo wọn ni ó gbọ́ jíà. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó ti so wọ́n pọ̀ kò yẹ ní yíyọ nítorí ìfẹ́ sí ojúlówó. Ibi tí àyálò kò bá ti ya ohun méjì sọ́tọ̀ ni ìdá ọ̀rọ̀ tuntun ti wúlò.

9. Àtakò àti àgbálọgbábọ̀

Wọ́n lè wí pé ènìyàn ni aṣọ́nà, kì í ṣe ohun èlò. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kò fi ìgbà kan kọ̀ láti fún ẹ̀rọ ní ìwà alààyè. Alùpùpù fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ìró ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, bí ẹni pé ó ń lu pùpù. Wọ́n sì lè wí pé àwọn ọlọ́kadà kò ní gba orúkọ tí ó ti yunifásítì wá. Èyí ní òtítọ́ nínú. Ọ̀kadà pàápàá kò ti ọwọ́ ìgbìmọ̀ wá. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, tí ó fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè, ni àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí yẹ̀yẹ́ sì di orúkọ. Ìgbìmọ̀ kò lè pàṣẹ fún ẹnu. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó fi ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn, tí ó sì péye, sí ibi tí ẹnu ti lè bá a pàdé.

Ọ̀wọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga pólì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, tí ó ń jẹ́ orúkọ Rufus Giwa lónìí. Àwọn ríwáyà kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ jọ gbé ìwé pélébé kan kalẹ̀ lórí alùpùpù tí kò dáhùn, kí wọ́n kà á sí etí àwọn ọ̀gá àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀, Ìfọ́n àti Ìdóàní, kí wọ́n sì gé ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí ó bá mú ọwọ́ dúró lórí wáyà tí kò tọ́. Ìwé-ìperí tí wọ́n bá ṣe báyìí lè má nípọn. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé kí òun tó gé wáyà ẹsẹ̀ ìdúró, ó yẹ kí òun kọ́kọ́ tẹ̀ ba, kí òun sì nu ẹrẹ̀ ibẹ̀ kúrò.